Ọdún Méjì Lórí Ìlà Fáṣínà

Ọdún méjì gbáko ni Làtífátù Bánkólé fi kọ́ni ní ilé-ìwé wa ní Ìjẹ̀dè. Kò gba owó oṣù. Orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé kankan níbẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé èmi ni mo yá a ní bírò ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọmọ Pọbẹ̀ ni, ìlú àwọn Yorùbá tó wà lódìkejì bodè, ní ilẹ̀ tí àwọn ará Èkó ń pè ní Kútọnu láìbìkítà ibi tí èèyàn ti wá gan-an. Ó kàwé gboyè nínú èdè Faransé. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kó di olùkọ́ tí ìjọba ilẹ̀ wọn gbà síṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Àjàṣẹ́, olú-ìlú ilẹ̀ wọn, tó ń kọ́ irú wọn lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ òfin méjì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé òun ti kọ́ni fún ọdún méjì, kò sì gbọdọ̀ tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ní ilẹ̀ tiwọn, kò rí ilé-ìwé tó máa gba ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ẹ̀pẹ́ ló gbà á. Wọ́n ń mú àwọn ọ̀dọ́ láti òdìkejì bodè wá kọ́ni ní èdè Faransé ní àwọn ìlú ẹ̀bá ọ̀sà. Wọ́n á fún wọn ní yàrá kan àti oúnjẹ díẹ̀, bí ọdún méjì bá sì pé, wọ́n á fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí yẹn ló bá wá. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Oṣù kejìlá ni wọ́n bí i. Ẹ ṣírò ó: kò ní ọdún kan tó lè fi ṣòfò.

Ìwé ìfọwọ́sí ilé-ìwé wa jẹ́ ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Pírínsípà. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan tí ìjọba ń san owó fún ní ìlà tirẹ̀. Tó bá dé láàárọ̀, á kọ aago sí i, á sì fọwọ́ sí i. Àwa tí ẹgbẹ́ àwọn òbí gbà ní ìwé kékeré tiwa, tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí wò. Ìlà kẹsàn-án jẹ́ ti Màdáàmù Morìnsọ́lá Fáṣínà, olùkọ́ èdè Faransé. Màdáàmù Fáṣínà ti wà ní ìlú òyìnbó láti oṣù kẹrin ọdún yẹn, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Kò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Ẹni tó mọ ibi tí apá kan rẹ̀ ń yà sí kò sọ, a ò sì bi í.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláòtán, Pírínsípà wa, wo Làtífátù láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ lọmọ Kútọnu? Káàbọ̀. Bọ́ńjúù."

"Pọbẹ̀ ni mo ti wá, sà."

"Ọ̀kan náà ni. Ó yá, fọwọ́ síwèé."

Làtífátù wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Orúkọ mi ò sí níbẹ̀, sà."

"Báwo ló ṣe fẹ́ wà níbẹ̀? Ìwé ìjọba ni. Ìjọba ò mọ̀ ẹ́." Ó fi ìka lé ìlà kẹsàn-án. "Ibí yìí. Iṣẹ́ ẹ̀ lo wá ṣe, ìlà ẹ̀ ni kó o máa fọwọ́ sí. Mi ò fẹ́ àlàfo nínú ìwé mi."

"Orúkọ ẹlòmíràn, sà?"

"Ẹ gbọ́ àlejò! Wọ́n fún un lága, ó ń bèèrè ẹni tó ni ín." Ó rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀gá ló dá a sílẹ̀. "Àǹtí, ọ̀rọ̀ ilé ni. Lọ́jọ́ tó o bá ń lọ, èmi fúnra mi ni màá kọ ẹ̀rí tìẹ. Àbí o ò gbà mí gbọ́ ni?"

Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé, tí àgbàlagbà bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ níwájú èèyàn mẹ́wàá, èsì kan ṣoṣo ló ní. "Mo gbà yín gbọ́, sà." Ó ń tú báàgì rẹ̀ wò. Mo fa bírò yọ lápò mi, mo nà án sí i. Ó kọ aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ló kọ M. Fáṣínà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń da nǹkan kọ láti ara pátákó.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń ṣe é lójoojúmọ́, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn lára.

Ẹ̀yìn ilé Ìyá Ṣùkúrátù ni yàrá tí ẹgbẹ́ Ẹ̀pẹ́ gbà fún un wà. Ẹja ni Ìyá Ṣùkúrátù ń yan. Aago márùn-ún ni èéfín ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, òun ló ń jí Làtífátù. Á pọn omi, á wẹ̀, á kírun, á fi búrẹ́dì mu omi gbígbóná, á sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé-ìwé nígbà tí àwọn bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkòròdú bá ń sáré kọjá lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí àwọn ọmọ wa ló wà nínú àwọn bọ́ọ̀sì yẹn. Wọn kì í rí ọmọ wọn ní ojú ọ̀sán.

Kíláàsì rẹ̀ tó tóbi jù ní ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Àga kan, ọmọ mẹ́rin. Fèrèsé kọjú sí ọ̀sà. Bí àwọn tó ń wa yanrìn bá tan ẹ̀rọ wọn, ẹnu nìkan ni àwọn tó wà lẹ́yìn ń rí, wọn kì í gbọ́ ohùn. Ìwé èdè Faransé kan ṣoṣo ló wà, òun ló sì rà á. Ìgbà tí olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀kọ́ àwùjọ kó lọ, wọ́n gbé ìyẹn náà fún un. Kíláàsì mẹ́fà, ọjọ́ márùn-ún.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn gbọ́ òórùn èéfín lára aṣọ rẹ̀. Wọ́n pariwo pé, "Bọ́ńjúù, Màdáàmù Ẹja!" Kò na ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ó dáa. Ẹja wo?" Ó kọ orúkọ ẹja méjìlá sójú pátákó ní èdè Faransé, ó sì ní ẹni tó bá tún fẹ́ pe òun ní ẹja gbọ́dọ̀ sọ irú ẹja tí òun jẹ́. Kí sáà àkọ́kọ́ tó parí, àwọn ọmọ apẹja Ìjẹ̀dè ń fi èdè Faransé bú ara wọn ní ẹja lórí pápá. N kò tíì rí olùkọ́ tó ṣe irú rẹ̀ ní ilé-ìwé yẹn, èmi náà kò sì ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Ṣùkúrátù fẹ́ràn rẹ̀ lọ́nà tiẹ̀. "Làtí," ó máa ń pè é láti ẹ̀gbẹ́ iná, "ṣé wọn ò ní ilé-ìwé ní ìlú yín ni?"

"Wọ́n ní, Ìyá."

"Kí ló wá dé tó o wá ń fa èéfín ẹja mi símú lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Ìwé ẹ̀rí ni mo wá gbà, Ìyá."

"Ìwé! Ẹja tí mò ń yan yìí, mò ń rí i. Mo lè yí i padà, mo lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ìwé tó o ń yan láti ọjọ́ yìí, ṣé o tiẹ̀ ti fojú kàn án?"

Làtífátù á rẹ́rìn-ín. "Ó máa jinná, Ìyá."

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, a gbọ́ pé alábẹ̀wò ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Pírínsípà kó gbogbo ọmọ jọ lórí pápá. Ó pàṣẹ pé kí oníkálukú kọ orúkọ olùkọ́ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, bó ṣe wà nínú ìwé ìfọwọ́sí. Títí di ọjọ́ yẹn, L. Bánkólé ni Làtífátù ń fi bírò pupa kọ sábẹ́ iṣẹ́ tó bá ti wò. Láti ọjọ́ yẹn lọ, M.F. ni. Pírínsípà ní kò gbọdọ̀ sí orúkọ méjì fún iṣẹ́ kan.

Pákó lásán ló pín kíláàsì rẹ̀ àti tèmi níyà. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Alábẹ̀wò bi wọ́n pé, "Ta ni olùkọ́ yín?" Ọmọdé kì í tètè mọ irọ́ tó bá òfin mu. Nígbà tó yá, olórí kíláàsì, Jọláolúwa, dìde. "Màdáàmù Fáṣínà ni, sà."

"Màdáàmù Fáṣínà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò tíì gbọ́ kí àwọn ọmọ sọ èdè Faransé báyìí ní gbogbo agbègbè yìí."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Làtífátù: "Ẹ ṣé, sà."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Pírínsípà na ọwọ́ méjèèjì sí i nínú yàrá àwọn olùkọ́. "Fáṣínà wa! O gbé wa níyì!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó jókòó tì mí.

"Tàjù, mo dáhùn."

"Ẹ dáhùn kí ni, Àǹtí?"

"Wọ́n pe orúkọ yẹn. Mo dáhùn."

Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ẹ̀rí rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ tí kò ná mi ní nǹkan kan ni mo sọ.

Ọdún méjì pé ní oṣù keje ọdún 2024. Ó gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́, sí ọ̀dọ̀ Alhaji Ṣàmsúdéènì, akọ̀wé ẹgbẹ́ tó mú un wá. Alhaji kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fún un ní omi tútù. Ó ní kó lọ ṣe ẹ̀dà ìwé ìfọwọ́sí ọdún méjèèjì, ibi tó fọwọ́ sí, kí Pírínsípà tẹ òǹtẹ̀ lé e. Ẹnìkan ti tan ẹgbẹ́ jẹ rí, ó gba ẹ̀rí láì kọ́ ọmọ kankan; láti ìgbà náà, àwọn ará Àjàṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ni òun máa kó gbogbo ìwé ránṣẹ́.

Ó padà wá bá Pírínsípà. Èmi àti olùkọ́ méjì wà níbẹ̀.

"Kí n kọ ọ́ pé o kọ́ èdè Faransé fún ọdún méjì?" Ọ̀gbẹ́ni Ọláòtán bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ló wá fọwọ́ síwèé fún ọdún méjì? Tí mo bá kọ ọ́ pé ìwọ lo wà níbí, mo ti kọ ọ́ pé Fáṣínà ò sí níbí. Ṣé ẹ̀wọ̀n lo fẹ́ rán mi lọ, Àǹtí?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa fọwọ́ sí i, sà. Ẹ ní ẹ máa kọ ọ́."

"Mo ní kó o ràn wá lọ́wọ́. Mi ò dì ọ́ lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ ta ló wà nínú ìwé yẹn? Ìwọ náà gbé e yẹ̀ wò, ta ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ mú?"

Ó fa abala bébà kan ya, ó kọ ìlà méjì sí i: òun mọ Làtífátù Bánkólé, ọmọ tó níwà ni. Kò sí orúkọ ilé-ìwé níbẹ̀, kò sí òǹtẹ̀. Ó fi lé e lọ́wọ́ bí ẹni tó ń ṣe àánú. Làtífátù dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mi ò tíì lè gbàgbé nìyẹn.

Ọgbọ́n kan ló kù. Kó tó di pé alábẹ̀wò wá, orúkọ rẹ̀ gan-an ló ń kọ sínú ìwé àwọn ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé ní Ìjẹ̀dè, ó ń bẹ àwọn ìyá pé kí wọ́n bá òun wá ìwé èdè Faransé ti ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún.

"Ìwé ọdún yẹn kẹ̀, Àǹtí? Ẹlẹ́pà ti fi pọ́n ẹ̀pà tán."

"Ti ọdún yìí ló wà. Ṣé ẹ ò fẹ́ ti ọdún yìí ni? Ó mọ́ tónítóní."

Ìwé kì í pẹ́ ní ilé àwọn èèyàn wa. Bí ọmọ bá ti kọ ọ́ kún, alákàrà tàbí ẹlẹ́pà ló ni ín. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀; àlejò nìkan ló máa rò pé ẹnìkan á ti tọ́jú wọn. Ó wọ ilé mọ́kàndínlógójì. Nígbà tó darí dé, ó bi Ìyá Ṣùkúrátù nípa ìwé ọmọ tiẹ̀. Ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mo ti fi dáná, ọmọ mi. Gbogbo ìwé tí Ṣùkúrátù kọ kún, iná ni mo fi ń ràn. O ò sì sọ fún mi." Wọ́n tú àpò tí ó ń kó bébà sí, lábẹ́ agbada. Wọ́n rí ewé mọ́kànlá tí iná kò tíì kàn. L. Bánkólé wà nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù.

Ó bẹ àwa mẹ́ta tó jókòó sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ pé kí a kọ lẹ́tà pé a mọ̀ pé òun kọ́ni. Ẹnìkan ní ìyàwó òun ò ní gbà. Ìkejì ní òun ń bọ̀, ó gba ẹ̀yìn jáde. Èmi ní màá rò ó. Pírínsípà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ mi ránṣẹ́ fún iṣẹ́ ìjọba ni, ìlà tèmi nínú ìwé ńlá yẹn. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń dúró dè é.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ, mo bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó rọrùn ju kíkọ lẹ́tà lọ. Ó kó ogójì ìwé ọdún kejì tí àwọn ìyá fún un sínú àpò gàrí kan, ó fi ewé mọ́kànlá náà sínú ike, ó gbé e lé itan ní gbogbo ọ̀nà.

Alhaji Ṣàmsúdéènì ṣí àwọn ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ lórí wọn. "Iṣẹ́ gidi rèé. Àmọ́ Fáṣínà ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn. M.F. ló wà nínú wọn. Ta ni Fáṣínà?"

Làtífátù sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò bu iyọ̀ sí i. Alhaji mí kanlẹ̀. Ó mú ewé mọ́kànlá náà, ó fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi.

"Ìwọ ńkọ́? Olùkọ́ ibẹ̀ ni ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O mọ̀ pé òun ló kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí?"

"Mo mọ̀, sà."

Ó fa bébà funfun kan síwájú mi. "Kọ ọ́ síbẹ̀. Ìlà mẹ́ta ti tó. Kọ orúkọ ẹ, kó o fọwọ́ sí i. Pẹ̀lú ewé mọ́kànlá yìí, mo lè dúró fún un níwájú àwọn ará Àjàṣẹ́. Ọ̀la ni mò ń ránṣẹ́."

Mo wo bébà náà. Mo rí orúkọ mi lórí rẹ̀, mo rí i tí ó ń dé iwájú Pírínsípà láti ọwọ́ dé ọwọ́.

"Mi ò mú bírò dání, sà," mo wí.

Bírò mi wà nínú àpò àyà mi. Ìdérí rẹ̀ aláwọ̀ búlúù yọ síta. Alhaji ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá bírò lórí tábìlì rẹ̀. Làtífátù wo àpò mi. Kò wo ojú mi.

"Ó ti tó, Alhaji," ó wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìwé padà sínú àpò. "Ẹ má wàhálà. Ó ti tó."

"Ọmọ mi, bírò rèé, mo ti rí i."

"Rárá, sà. Ẹni tó fẹ́ kọ̀wé á mú bírò dání."

Títí a fi dé Ìkòròdú, àpò gàrí náà ló dì mú. Kò sunkún. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ó dàárọ̀, Tàjù." Ojú ọ̀sán ni.

Ilé-ẹ̀kọ́ Àjàṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá láìsí i níbẹ̀. Ní oṣù kejìlá, ó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ẹgbẹ́ kò san owó yàrá rẹ̀ mọ́, nítorí pé àkókò rẹ̀ ti pé. Ìyá Ṣùkúrátù ní kó máa gbé ibẹ̀, kó máa ran òun lọ́wọ́ nídìí ẹja láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ ní Pọbẹ̀ ń pè é lórí fóònù, ó ń bi í ìgbà tó máa wálé pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó ń sọ fún un pé ó kù díẹ̀. Pírínsípà ní kó kúkú máa kọ́ni lọ, ṣebí ilé náà ni. Ó ń kọ́ni lọ. Kò kọ orúkọ ẹja sójú pátákó mọ́. Ohun tó wà nínú ìwé ló ń kà sí wọn létí. Àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́, wọn ò gbọ́, kò bi wọ́n.

Orúkọ tèmi kò jáde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹnìkan ni wọ́n fi sí ìlà náà.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Nítorí ìròyìn rere tí alábẹ̀wò kọ nípa bó ṣe ń kọ́ni, wọ́n gbé Màdáàmù Morìnsọ́lá Fáṣínà ga sí ipò tó kàn. Ẹni tó mú lẹ́tà wá ní òun kò lè fi í sílẹ̀ àfi kí ẹni tó ni ín fọwọ́ sí i pé òun rí i gbà. Pírínsípà ní kí wọ́n pe Làtífátù láti kíláàsì.

Ó wọlé, ẹfun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọláòtán ti lẹ́tà náà síwájú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màdáàmù, ẹ kú oríire o. Ẹ fọwọ́ sí ibí."

Ó wò yíká fún ohun tó máa fi kọ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà. Mo fa bírò mi yọ, mo nà án sí i.

Ó wò ó. "Tàjù," ó wí, "bírò ẹ ti dé?"

Ó gbà á, ó kọ aago, ó sì kọ M. Fáṣínà. Ó dá bírò padà fún mi, ó sì padà lọ sí kíláàsì.